Ilé Páúlù Létí Ọ̀sà, Ohùn Ọba Nínú Igi

Láti orí omi ló yẹ kí èèyàn ti kọ́kọ́ rí i. Èbúté Treichville la ti wọ ọkọ̀ ojú omi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí sí Àbíjàn ní Côte d'Ivoire, tó ti ń ta aṣọ lọ́jà Treichville láti ìgbà tó ti mọ owó kà. Ọ̀sà Ébrié tẹ́ pẹrẹsẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn ilé alájà púpọ̀ ti àdúgbò Plateau dúró gágá níwájú wa. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ òdìkejì, ohun kan yọ láàárín wọn lórí òkè. Kò jọ ilé. Ó jọ ẹni tó na apá méjèèjì, tó ń fa ẹrù wúwo kan bọ̀ lẹ́yìn.

"Wò ó, àbúrò, Páúlù nìyẹn," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Bàbá mi máa ń sọ pé apẹja ni, pé àwọ̀n ló ń fà."

Páúlù inú Bíbélì kì í ṣe apẹja, iṣẹ́ àgọ́ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò bá wọn jiyàn, nítorí ẹni tó bá wo ilé náà láti inú ọkọ̀ á rí ohun tí bàbá wọn rí. Aldo Spirito, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ Ítálì, ló ya á: ilé-ìṣọ́ gíga tó dà bí èèyàn wà níwájú, òrùlé ńlá sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí agbádá tó ń wọ́ nílẹ̀. Lójú ọmọ etí ọ̀sà, kí ni ìyẹn ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe àwọ̀n?

Kàtídírà Páúlù Mímọ́ ni, ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Àgùdà ní Àbíjàn. Ní 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, Póòpù John Paul Kejì súre fún òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, Póòpù yìí kan náà padà wá, ó sì yà á sí mímọ́. Ọdún márùn-ún péré. Ẹni tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ló tún ṣí ilẹ̀kùn. Irú oore bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ fún ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Mo ń wí bẹ́ẹ̀ nítorí mo ti lọ sí kàtídírà Cologne ní ilẹ̀ Jámánì rí. Ọdún 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ọdún 1880 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Lẹ́yìn pẹpẹ ibẹ̀, wọ́n gbé àpótí wúrà kan ga sókè, ó fẹ̀ bí ilé kékeré. Wọ́n ní egungun àwọn Amòye tó bẹ Jésù wò ní jòjòló ló wà nínú rẹ̀. Ọba Mẹ́ta ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ayé àtijọ́, bí wọ́n bá ti gbé adé lé ọba Jámánì lórí ní Aachen, Cologne ni yóò gbà lọ láti forí balẹ̀ níwájú àwọn ọba tó ṣáájú rẹ̀ yìí. Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé ìkógun ni àwọn egungun náà. Milan ní Ítálì ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Frederick Barbarossa ṣẹ́gun ìlú náà, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Cologne tó ń jẹ́ Rainald sì gbé wọn lọ sílé rẹ̀ ní 1164. Ó ju 700 ọdún lọ kí díẹ̀ lára wọn tó padà dé Milan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Mo dúró níwájú àpótí yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Àtìgbà náà ni mi ò ti lè wọ kàtídírà kankan kí n má béèrè pé: ti ọba ibí dà? Àwọn tó ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé yìí lé, níbo ni wọ́n kó ohun wọn sí?

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ́kàn wọ ilé Páúlù.

Ilé náà gba èèyàn bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Lọ́jọ́ tí a dé, àwa bíi mẹ́wàá la wà níbẹ̀. Ó tutù, ó dákẹ́, ìró bàtà ẹ̀gbọ́n mi sì ń dún padà láti orí òrùlé. Ara ògiri ni ọrọ̀ ibẹ̀ wà. Gíláàsì aláràbarà ni wọ́n fi ṣe àwòrán níbẹ̀, tó jẹ́ pé oòrùn ìta ló ń tan iná sí wọn. Ọ̀kan fi Jésù hàn níbi tó ti ń pa ìjì lẹ́nu mọ́ lórí omi. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ìyẹn. Ọmọ ọ̀sà mọ ìjì. Èmi, iwájú èkejì ni mo jókòó sí. Igbó ilẹ̀ wa ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú erin àti ewé tútù, àwọn Fada òyìnbó sì ń sọ̀ kalẹ̀ létí òkun. Bí wọ́n ṣe mú Ìhìnrere dé Áfíríkà ni. Oòrùn mú àwọ̀ ewé inú gíláàsì náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rìn kọjá, gèlè wọn funfun di àwọ̀ ewé, ó di pupa, ó tún padà di funfun.

Àwòrán yẹn wú mi lórí, ó sì dùn mí díẹ̀. Ó wú mi lórí nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 1637, àwọn Fada kan láti ilẹ̀ Faransé gúnlẹ̀ sí Assinie, ìlà-oòrùn Àbíjàn, létí òkun. Ibà pa lára wọn, àwọn tó kù sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó di 1895 kí ẹgbẹ́ Fada SMA, àwọn tó mú ìjọ Àgùdà gbilẹ̀ ní Èkó náà, tó fìdí múlẹ̀ ní Grand-Bassam. Àwọn kan lára àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ yẹn kú síbẹ̀ lóòótọ́, ó sì tọ́ kí wọ́n yà wọ́n sára ògiri. Ohun tó dùn mí ni pé ẹnì kan láti Assinie kan náà ti wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn, mi ò sì rí i lára ògiri yẹn.

Aniaba lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ọkọ̀ Faransé gbé e dé Paris ní 1688. Wọ́n ní ọmọ ọba Assinie ni. Ọba Louis Kẹrìnlá gbà á sọ́dọ̀. Bossuet, bíṣọ́ọ̀bù tí òkìkí ìwàásù rẹ̀ kàn jù láyé ìgbà náà, ló rì í bọmi ní 1691, ọba fúnra rẹ̀ ló dúró fún un gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìrìbọmi, ó sì fún un lórúkọ ara rẹ̀: Louis. Ọmọ Assinie di ọ̀gá ọmọ ogun tó ń gẹṣin ní Faransé. Nígbà tó di 1701 tó fẹ́ padà sílé láti lọ jọba, kàtídírà Notre-Dame ní Paris ni wọ́n ti ṣe ẹ̀yẹ ìdágbére fún un. Ẹ rò ó wò. Notre-Dame tí gbogbo ayé ń sunkún sí lọ́jọ́ tó jóná ní 2019, ọmọ etí òkun wa ti kúnlẹ̀ níbẹ̀ ní 318 ọdún ṣáájú iná náà, wọ́n ń pè é ní ọba.

Ó délé, wọn ò fi í jọba. Ẹlòmíràn ló wà lórí oyè. Àwọn Faransé tó bá a wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kì í ṣe ọmọ ọba rárá, pé ó tan àwọn jẹ ni. Ní 1703 wọ́n pa odi wọn ní Assinie tì, wọ́n lọ. Èmi kò gbà pé ọmọkùnrin náà ló tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ilé ọba ilẹ̀ Akan kì í ṣe ibi tí ọmọ ti ń tẹ̀ lé bàbá lórí ìtẹ́. Ẹ̀yìn ìyá ni oyè ń gbà. Ọmọ ilé ọba sì lè pọ̀ kí ẹni tí oyè kàn má jẹ́ ìwọ. Ẹni tó bá mọ bí ìdílé tí ń jọba ṣe máa ń pín sí ẹ̀ka nílẹ̀ Yorùbá kò ní pe Aniaba lónírọ́. Paris ló rò pé ẹni tí òun bá ti rì bọmi, tí òun fi orúkọ ọba òun pè, ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á.

A jáde síta. Ẹ̀gbọ́n mi ra omi inú ọ̀rá, a jókòó síbi òjìji. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n kọ́ wọn nípa ọba nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́ ní Àbíjàn. Wọn ò ronú rárá. "Pokou," ni wọ́n wí. "Gbogbo wa la mọ Pokou."

Abla Pokou. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni, ní Kumasi, ilẹ̀ Àṣáńtì. Ọba wàjà, ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀, wọ́n pa Dakon, àbúrò Pokou. Obìnrin náà kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ lóru, wọ́n sá gba ìwọ̀-oòrùn. Ọmọ ogun ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé odò Comoé, odò kún dé ẹnu. Wọ́n bi aláfọ̀ṣẹ wọn léèrè ohun tí omi ń fẹ́, ó ní ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ wọn ni. Wọ́n kó wúrà àti eyín erin sílẹ̀; ó ní kì í ṣe ìyẹn. Pokou ti yàgàn fún ìgbà pípẹ́ kó tó rí ọmọkùnrin kan ṣoṣo bí. Ó tú u kúrò lẹ́yìn, ó fi í fún odò. Àwọn kan ní erinmi ló tò ṣe afárá, àwọn kan ní igi ńlá kan ló tẹ̀ba láti etí odò dé òdìkejì. Wọ́n kọjá. Ayaba yíjú padà, ó ní: *ba ou li*, ọmọ ti kú. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Baoulé ti wá.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń sọ ọ́, Mọ́remí ni mo ń gbọ́. Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún Ẹ̀sìnmìrìn, àwọn Ìgbò tó gbé imọ̀ ọ̀pẹ wọ̀ wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú, Olúorogbo ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí odò gbà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n wò mí. "Odò náà kì í gba ẹlòmíràn ni?" ni wọ́n béèrè. "Ṣé ọmọ abiyamọ nìkan ni?" Mi ò rí èsì fún wọn. Véronique Tadjo, òǹkọ̀wé ọmọ Côte d'Ivoire, béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ *Reine Pokou* ní 2005: ó sọ ìtàn náà, ó tún un sọ lọ́nà mìíràn, ó tún un sọ, pàápàá lọ́nà tí ìyá fi kọ̀ láti ju ọmọ sílẹ̀. Ó yẹ kẹ́nì kan ṣe é fún Mọ́remí náà.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tó ń gún mi. Olúorogbo ní ojúbọ ní Ifẹ̀. Ọdún Èdì ń padà wá, wọ́n ń dárúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ Pokou kò ní ibojì tí àlejò lè lọ kí. Orúkọ ẹ̀yà náà ni ibojì rẹ̀. Ìgbàkígbà tẹ́nì kan bá wí pé Baoulé lòun, ó ti sin ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ Côte d'Ivoire, tó jókòó sórí àlééfà nígbà tí wọ́n kọ́ kàtídírà yìí, ọmọ Baoulé ni. Nígbà tó kọ́ bàsílíkà tirẹ̀ sí Yamoussoukro, ìlú tó ń jẹ́ orúkọ ayaba Yamousso, wọ́n ya àwòrán òun fúnra rẹ̀ sára ọ̀kan nínú gíláàsì ibẹ̀, nítòsí Jésù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bú u nítorí ẹ̀. Èmi kò bá wọn bú u. Ẹni tí ìran rẹ̀ fi ọmọ ra ọ̀nà kọjá odò lè fẹ́ kí ojú òun wà lára ògiri ilé Ọlọ́run. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kó jẹ́ ìyá náà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kó tó tú u.

Nísinsìnyí, ti àwọn tó ni Àbíjàn gan-an ńkọ́? Kì í ṣe Baoulé ló nilẹ̀ etí ọ̀sà yìí. Àwọn Ébrié ni, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Tchaman. Ìtàn kan wà pé òyìnbó kan bi bàbá àgbà kan tó ń ti oko ewé bọ̀ léèrè orúkọ ibi tí wọ́n wà. Bàbá náà kò gbédè, ó rò pé ó ń béèrè ohun tí òun lọ ṣe. Ó fèsì pé òun lọ gé ewé ni, òyìnbó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ bí orúkọ ìlú: Abidjan. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èdè àìyédè ló bí orúkọ ìlú tó tóbi tó báyìí. Àwọn Bidjan, ọ̀kan lára ẹ̀yà Ébrié, ló ni ohun ọba tí mo wá wá.

Ìlù ni. Djidji Ayôkwé lorúkọ rẹ̀. Ìrókò ni wọ́n gbẹ́ ẹ láti ara rẹ̀, ó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ó sì wúwo tó kílò 430. Kò láwọ. Wọ́n gbẹ́ inú igi náà kúrò, wọ́n la ẹnu gígùn sí i lẹ́yìn; ètè ẹnu náà méjèèjì kì í dún bákan náà, ibẹ̀ ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń wá. Ọmọ Yorùbá kò nílò kẹ́nì kan ṣàlàyé èyí fún un. Bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀ nítorí pé èdè wa ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn. Òun ni wọ́n fi ń pe ìpàdé, tí wọ́n fi ń tufọ̀, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ìletò mìíràn pé ewu ń bọ̀. Nígbà tí ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fipá kó èèyàn ṣiṣẹ́ ọ̀nà, ìlù yìí ló ń sọ fún àwọn ará ìletò pé kí wọ́n wọgbó. Àwọn ọmọ ogun á dé, wọn á bá ahéré òfìfo.

Ní 1916, wọ́n gbé ìlù náà lọ.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró síbí díẹ̀. Nílẹ̀ wa, gbẹ̀du ni ìlù ọba. Ẹni tí kì í ṣe ọba tó bá lù ú ti wá ìjà oyè, orí rẹ̀ ló ń tà. Ká wá ní àjèjì kan wọ ààfin, kó gbé gbẹ̀du lọ, kò gbé wúrà kankan o, kò bọ́ adé lórí ẹnikẹ́ni. Ṣé ọba ṣì wà? Ohun tí wọ́n ṣe fún Bidjan nìyẹn. Wọ́n gbé e sínú ọgbà gómìnà ní Bingerville, níbi tí òjò ti ń pa á, tí kòkòrò ń jẹ ẹ́. Bó ṣe ku díẹ̀ kó di 1930, wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ sí Paris. Láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sí òmíràn, ó balẹ̀ sí Quai Branly.

Ní 2019, Côte d'Ivoire kọ̀wé béèrè ohun 148 lọ́wọ́ Faransé. Djidji Ayôkwé ló ṣáájú nínú ìwé náà. Ààrẹ Macron ṣèlérí ní oṣù Kẹwàá 2021. Òfin Faransé ní ohun tó bá ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba kò ṣeé yọ jáde mọ́, nítorí náà ó di dandan kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣòfin tuntun nítorí ìlù kan ṣoṣo; wọ́n dìbò sí i ní oṣù Keje 2025. Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2022. Kí wọ́n tó tún igi náà ṣe, àwọn olóyè Ébrié lọ sí Paris, wọ́n ṣètùtù fún un láàárín ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, wọ́n bá a sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ àjèjì tó lè kàn án láìsí ewu. Wọn ò bá àwòrán sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀.

Ìrètí mi ni pé wọn ò ní fi gíláàsì bo ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn lára nílé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Àbíjàn, tó wà ní Plateau níbí, kò jìnnà sí kàtídírà, ti rí ìyà tirẹ̀ náà: nígbà ìjà lẹ́yìn ìdìbò ní 2011, àwọn olè wọ ibẹ̀, wọ́n sì kó ohun iyebíye tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi máa fẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó le. Síbẹ̀, egungun ni Cologne tọ́jú. Egungun kì í sọ̀rọ̀, ó lè gbé inú àpótí. Ohùn ni ti Bidjan. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lù lù ú, bó tiẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí àwọn tó ń gbé Cocody àti Adjamé gbọ́ ọ láàárín ariwo mọ́tò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a padà sí Treichville. Ọmọ Èjìgbò kan ń sọmọ lórúkọ ní àdúgbò ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n na àtíbàbà sójú títì, attiéké wà lórí tábìlì kan, àmàlà wà lórí èkejì. Èdè Faransé ni àwọn ọmọdé ń sọ láàárín ara wọn. Onídùndún kan wà níbẹ̀, bàbá àgbà tó ti wá láti ilé, ó ń kí àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àwo oúnjẹ kọjá níwájú rẹ̀. Wọn ò gbé Èjìgbò tó oṣù mẹ́ta rí láyé wọn. Ìlù náà kọ́kọ́ pe orúkọ bàbá wọn, bàbá tó ní Páúlù ń fa àwọ̀n. Ó wá pè wọ́n lọ́mọ Ògìyán, ọba Èjìgbò.

Wọ́n dúró. Wọ́n gbé àwo náà fún mi láìwò mí, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì, wọ́n sì dáhùn.